Ẹ̀bùn Ọmọ Iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Carter wọ Èkó, Ìdúmọ̀tà ni yóò bọ́ sí, níbi tí alábàárù ti ń ké pé “Àgò o! Àgò lọ́nà!” tí ẹrù orí rẹ̀ sì tóbi ju òun tìkára rẹ̀ lọ. Bí a bá san owó iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí a ní kí ó mú ṣéńjì, lójú ẹsẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Owó ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Kò sí ẹnìkẹta níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kí a yà sí ilé oúnjẹ kan nítòsí Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba. Nọ́ńbà àkáùntì ni wọ́n kọ sára ògiri níbẹ̀. Oníbàárà kan jẹun 4,500 náírà, ó fi 5,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ó ní kí ọmọbìnrin tí ó gbé àwo wá mú 500 tí ó kù. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Níbo ni 500 náà wà? Inú àkáùntì ìyá olóúnjẹ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin oníṣòwò. Owó tí ó bá ti wọ àkáùntì kò ní àmì lára mọ́. Ó ti dàpọ̀ mọ́ owó gàrí àti owó ẹja. Bí ìyá bá fi ra ọjà ní ìdájí ọ̀la, ẹ̀bùn ọmọ ti bá a lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìyá jalè.

Ọdún 2011 ni ètò tí ń gbé owó láti báńkì dé báńkì lójú ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2012, Èkó ni Báńkì Àpapọ̀ ti kọ́kọ́ dán ètò dídín owó bébà kù wò. Àmọ́ ọ̀wọ́n náírà ti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, ni ó ti gbogbo ọjà wọ inú rẹ̀, àtaláta àtalábàárù.

Ìyá yìí ti wá ọgbọ́n sí i. Ó ní àkáùntì kejì fún ẹ̀bùn nìkan. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń kọ iye ti oníkálukú sínú ìwé; bó bá di Sátidé, yóò yọ àpapọ̀ rẹ̀ kúrò nínú owó ọjà sínú àkáùntì kejì, yóò sì fi ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i. Ìdí tí kì í fi í ṣe é lójoojúmọ́ ni pé, nínú ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti 2020, báńkì lè gba 10 náírà lórí owó tí kò ju 5,000 lọ. Fi 500 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, 60 náírà ti lọ. Fi 3,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, 10 péré ni.

Lójú tèmi, ìwé kíkọ yẹn níye lórí ju àkáùntì kejì lọ. Èkó yìí náà ni àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Olówógbowó. Bí kò bá sí ìwé, ta ni yóò mọ olówó 500?

Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá ètò yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wo ìyá olóúnjẹ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dára, sà. Ṣùgbọ́n owó tí mo máa fi wọkọ̀ relé lálẹ́ yìí kò lè dúró de Sátidé.” Ìyá kò dá a lóhùn. Ó ṣí agolo owó, ó ka 500 fún un, ó sì ní kí ó lọ fagi lé e nínú ìwé.