Táyà Tó Yọ Ju Fẹ́ńdà Lọ: Ohun Tójú Mi Rí Lọ́nà Oko Ìdànrè

Òkè ni mo ní mo fẹ́ lọ wò ní Ìdànrè, ẹrẹ̀ ni mo bá pàdé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni, òjò ò jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ rárá. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú ni mo wọ̀ lọ, torí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti kìlọ̀ pé kí n múra dáadáa, káwọn èèyàn má baà fojú ọmọ ìta wò mí.

Ìdànrè ò jìnnà sí Àkúrẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ ìlú náà báyìí, òkúta ńláńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lọ́tùn-ún lósì, àfi bí ẹni pé wọ́n ń ka ọkọ̀ tó ń wọlé. Orí òkè yẹn làwọn baba wọn ń gbé tẹ́lẹ̀, kò tíì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú ìwé tí àjọ UNESCO ń kọ àwọn ibi tí wọ́n ṣì ń gbé yẹ̀ wò sí. Ìyẹn ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ará Ìdànrè ohun tó ń bọ́ ọ, kò ní sọ pé òkè ni, kòkó ló máa sọ. Kòkó sì wà nínú igbó lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọlọ́dà.

Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Òdòde, mò ń ra bọ̀ọ̀lì, nígbà tí ọkọ̀ píkọ̀pù kan yọ látọ̀nà oko. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni táyà ẹ̀. Táyà náà ga, ó fẹ̀, ó sì yọ síta kúrò lábẹ́ fẹ́ńdà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó dà bí ọmọdé tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá ẹ̀. Kò sáré o, mo lè jẹ́rìí. Bó ṣe tẹ kòtò omi tó wà níwájú wa báyìí, fàáà! Ẹrẹ̀ pupa gbára jọ, ó bo ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó sì dà gbuu sínú abọ́ gàrí ìyá kan tó pàtẹ síbẹ̀.

Ìyá náà dìde. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí mi ni?"

Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò sáré rárá."

"Ta ló bá ẹ wí eré? Ọkọ̀ mélòó ló ti gba inú kòtò yìí kọjá látàárọ̀, èwo ló fọ́n nǹkan sí mi lára? Táyà ẹ yìí ni. Kí ló ń wá níta? Kóńgò mẹ́jọ ló wà nínú abọ́ yìí, o máa san án."

"Màmá, bí táyà yìí ò bá yọ síta, kòkó ọkọ yín ò ní dé ọjà."

Ó ti dìjà nìyẹn. Àwọn kan ní òótọ́ ni dírẹ́bà sọ, àwọn kan ní kó sanwó gàrí kó tó sọ òótọ́. Dírẹ́bà rí bírò lọ́wọ́ mi, ó ní, "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ bá mi lọ sóko, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i." Mo wọkọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ ná, kí ló tún kù?

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá tẹ́ ẹ rò pé ẹ mọ ọ̀nà tí kò dáa, ẹ lọ wo ọ̀nà yẹn. Amọ̀ pupa ni, ó ń yọ̀ bí ilá. Ibì kan wà tí ọ̀nà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkúta lókè, odò nísàlẹ̀, ọkọ̀ á sì dagun bí ẹni tó fẹ́ fetí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Dírẹ́bà ní ibẹ̀ lòun ti ṣubú ní ọdún 2022, nígbà tí táyà tó bá ọkọ̀ wá ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Àpò kòkó mẹ́sàn-án ló dà sódò. Ó ní, "Ẹni tó ń jìjàkadì, ṣé kì í ya ẹsẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ ni mo ní kí ọkọ̀ mi yà." Mo di ilẹ̀kùn mú gírígírí, a kọjá. Mi ò lè parọ́, àlàyé ẹ̀ wọ̀ mí létí. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣe jìnnà síra wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣubú á ṣe nira fún un tó.

Àmọ́ kò pẹ́ tá a fi pàdé Land Rover àtijọ́ kan tó ń bọ̀ látinú oko, ẹrù kún un bámúbámú, táyà ẹ̀ tín-ín-rín, kò sì yọ síta rárá. Bàbá tó wà á rẹ́rìn-ín sí wa, ó kọjá. Mo bi dírẹ́bà mi bó ṣe jẹ́. Ó ṣe díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní táyà tín-ín-rín máa ń gé ẹrẹ̀ wọlẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀, táyà fífẹ̀ ní tiẹ̀ máa ń léfòó lórí ẹrẹ̀ ni. Níbi tí ẹrẹ̀ bá jìn tí kò nísàlẹ̀, tòun ló dáa. Níbi tí ilẹ̀ líle bá wà lábẹ́, bàbá yẹn jù ú lọ. Ó dùn mọ́ mi pé kò fi pamọ́.

Nígbà tá a ń padà bọ̀, àwọn ìyá méjì jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn lórí àpò kòkó. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí dírẹ́bà kì í rí. Nígbà tá a dé ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, ọ̀kadà kan fẹ́ yà wá sílẹ̀, ó gbé obìnrin kan tó pọnmọ. Bí táyà ṣe ń yí ló ń gbé òkúta, èyí tó bá wà lábẹ́ fẹ́ńdà á kọlu irin, á jábọ́. Èyí tí kò bá ní irin lórí, ojú afẹ́fẹ́ ló ń gbà lọ. Gbòà! Iná iwájú ọ̀kadà náà fọ́ yángá. Bí òkúta yẹn bá gba òkè díẹ̀ sí i, orí ọlọ́kadà ni, bó bá sì yẹ̀ díẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn yẹn ni. Dírẹ́bà dúró, ó wo iná tó fọ́, ó wo ọmọ náà, kò sọ̀rọ̀. Ó sanwó iná. Títí a fi wọ ìlú, mi ò gbóhùn ẹ̀ mọ́.

Àfi ìgbà tí táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ké wìn-ìn wìn-ìn. Mẹkáníìkì kan tó ti dàgbà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ó mi táyà, táyà ń ṣe gbẹ̀gẹ́gbẹ̀gẹ́. Bẹ́rìn ti jẹ. Èkejì nìyẹn lọ́dún kan náà. Bàbá fi irin roboto tí wọ́n fi sáàárín họ́bù àti rímù hàn mí, sípésà ni wọ́n ń pè é, òun ló ti táyà síta. Ó ní, "Ọmọ mi, gbé garawa omi dání kí apá ẹ súnmọ́ ara. O gbé e. Wàá na apá ọ̀hún síta báyìí. Garawa kan náà ni, àmọ́ èjìká á sọ fún ẹ." Ó ní ìdí nìyẹn tí bẹ́rìn fi ń tètè jẹ, tó sì jẹ́ pé bí táyà kan bá kọ òkúta, sítẹ́rìn á fẹ́ já gbà mọ́ dírẹ́bà lọ́wọ́.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo wádìí ohun tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ ibòmíràn. Ní Yúróòpù, láti ọdún 1978 ni òfin àjùmọ̀ṣe wọn ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fojú inú wo táyà bí aago ara ògiri, kẹ́ ẹ dúró lápá òsì ọkọ̀ kẹ́ ẹ kọjú sí i, kí iwájú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ òsì yín. Láti ibi aago mọ́kànlá títí dé ibi aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, fẹ́ńdà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ bo ìbú táyà tán. Ní Iceland ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lórí yìnyín? Táyà tó ga tó ínṣì 38 sí 44 ni wọ́n ń lò, wọ́n á jo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kù díẹ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Síbẹ̀ wọn kì í fi táyà yẹn sílẹ̀ níhòòhò. Fẹ́ńdà ni wọ́n ń fẹ̀ títí á fi bò ó.

Èmi ò ní kí dírẹ́bà yẹn padà sí táyà tó bì í ṣubú. Kó fẹ táyà, kó fẹ fẹ́ńdà náà. Ẹni tí kò bá gbà, kó kọ lẹ́tà sí wa.

Mo padà lọ sí Òdòde nínú oṣù Kọkànlá, nígbà yìí mo wọ aṣọ dúdú. Panẹ́bítà kan ti gé rọ́bà táyà tírélà tó gbó, ó fi bóòtì de é mọ́ etí fẹ́ńdà ẹ̀yìn méjèèjì, kò rẹwà àmọ́ ó bo táyà. Tiwájú ṣì wà níta. Dírẹ́bà ní kí òun tún ta ẹrù díẹ̀ sí i, òun á ṣe é. Ìyá oní-gàrí wà nídìí ọjà ẹ̀, ó ti fi náílọ́ọ̀nù bo abọ́.

"Ó san kóńgò mẹ́rin," ló wí fún mi. Ó wá gbójú sókè sí dírẹ́bà. "Mẹ́rin tó kù ńkọ́?"