Ariwo Kan ní Ọ̀nà Ṣábẹ

Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni a gbéra láti Àjàṣẹ́, tí a ń lọ sí abúlé kan ní ìhà odò Ọkpara, lẹ́yìn Ṣábẹ. Ìyá Àgbà ni a ń mú padà sílé, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún. Ọkọ̀ wa jẹ́ ti àtijọ́, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà, tí kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀.

Láti Kútọnu ni a ti ń gbọ́ ọ. Bí awakọ̀ bá ti tẹ ìjánu, kò! lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ páàdì ìjánu, ó gba owó rẹ̀, ó ní ariwo náà ti tán. Kò tán. A gba Bohicon kọjá, a dé Ìdáàṣà láàárín àwọn òkè rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ọ̀kan sí Savalou, ọ̀kan sí Ṣábẹ. Awakọ̀ ní kí a máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú. Àwa náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a má purọ́. Ìyá Àgbà, tí aṣọ ṣì bò ní ojú kan, ni ó sọ pé: «Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti òwúrọ̀, ẹ ò ní bi í pé kí ló fẹ́?»

Ní Glazoué a rí àgbà mẹkáníìkì kan lábẹ́ igi máńgòrò. Kò mú sípánà. Ìbéèrè ni ó ń bi wá. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń dún, tàbí léraléra? Ṣé ó ń dún bákan náà bí a bá ń fi ẹ̀yìn rìn? A ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan níwájú, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn. «Á jẹ́ pé nǹkan kan ń sún kúrò ní àyè rẹ̀.»

Ó ní kí a kó ẹrù sílẹ̀, àti jáàkì pẹ̀lú, nítorí jáàkì tí a kò dì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ó yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, àti èyí tó di ìjánu mú. Gbogbo wọn le. Ó yí ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, bóyá oríkèé rẹ̀ ti jẹ. Kò jẹ. Ó wá bèèrè bóyá awakọ̀ máa ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà lórí ọ̀dà gbígbẹ, níbi tí àwọn ọ̀pá náà ti ń bá ara wọn jà. Awakọ̀ wojú ilẹ̀.

Níkẹyìn ó ní kí awakọ̀ tẹ ìjánu mọ́lẹ̀, kí àwa mẹ́ta máa ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn. Òun dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kò wọ abẹ́ rẹ̀. Kò! «Ẹ wá wò ó.» Irin tó gbé táyà iwájú ń yọ̀ lábẹ́ sípíríǹgì rẹ̀, tó ìbú ìka kan. Irin méjì tí a tẹ̀ bí ìkọ́, tó so wọ́n pọ̀ ní apá òsì, ti dẹ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó rí bíi páànù òrùlé ló tú nọ́ọ̀tì wọn. Ó tún fi rọ́bà tí epo ìjánu ń gbà hàn wá: ó ti ń bó. Bí ó bá já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, epo á dà sílẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì tẹ òfo. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Wọ́n ní láti ránṣẹ́ sí Bohicon fún irin àti rọ́bà tuntun, nítorí náà a sùn síbẹ̀. Oògùn ojú Ìyá, iná tọ́ọ̀ṣì ni a fi kán an. Ní ọjọ́ kejì ọ̀gá náà pààrọ̀ irin ní apá méjèèjì, ó lé atẹ́gùn jáde nínú epo ìjánu, ó ní kí a tún àwọn nọ́ọ̀tì náà fún lẹ́yìn ọjọ́ kan lórí ilẹ̀ pupa.

A kọjá afárá odò Wèmé. Àwọn òkè Ṣábẹ yọ níwájú, àwọn àpáta rìbìtì tí àwọn Faransé ń pè ní ọmú. Lẹ́yìn ìlú ni ọ̀dà parí fún wa. Ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀ sí odò kékeré kan, awakọ̀ tẹ ìjánu, gbogbo wa di ẹnu mú.

«Ṣé a ti dúró ni?» ni Ìyá Àgbà bèèrè.