Oòrùn Kánò Ò Wọ Ara Wa

Ọ̀rọ̀ ara tiwa la fẹ́ sọ lónìí, bóyá á ṣe ẹlòmíì láǹfààní.

Àwa tọkọtaya ti lé ní ogún ọdún nínú ọjà Sábọ́ngarì ní Kánò níbí, aṣọ là ń tà. Nígbà tí a dé láti Ọ̀fà, pẹ́lẹ́ńgẹ́ la rí. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ara náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Tí a bá délé fún ọdún, wọn á ní, "Ẹ wo bí ara wọn ṣe ń dán, Kánò mà gbà wọ́n o!" Inú wa á dùn. Àṣé kì í ṣe gbogbo sísanra ni ìgbádùn.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: ìbàdí ń ro ó, ẹsẹ̀ ń wúwo. Tó bá jókòó, àfi ká fà á dìde. A ra àgbo, a ra rọ́ọ̀bù, a ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà. Á rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, á tún padà. Lọ́jọ́ kan ló ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níwájú oníbàárà. Ọjọ́ yẹn lẹ̀rù bà wá gan-an. Ta ni yóò gbé wa tí a ò bá lè rìn mọ́ nílẹ̀ onílẹ̀?

Dókítà wọn àwa méjèèjì. Ìyàwó jẹ́ kílò 98, ọkọ 107. Ó ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní fítámì D kò tó lára wa. Ẹ̀rín pa wá. Fítámì oòrùn kẹ̀? Nínú Kánò? Oòrùn tó ń sun èèyàn bí iṣu yìí? Ti ọkọ ló tún wá lọ sílẹ̀ jù, òun tó ń fi ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sanra!

Dókítà ní oòrùn ló ń mú kí awọ ara ṣe fítámì D, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ló máa ń sá sí. Bí ara bá tóbi, tí ọ̀rá pọ̀, díẹ̀ ló máa kù sínú ẹ̀jẹ̀. Owó oúnjẹ tó ń tó ilé ẹlẹ́ni mẹ́ta, ṣé ó lè tó ilé ẹlẹ́ni mẹ́wàá? Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 fi irú ìtànṣán kan náà ya àwọn tó sanra gan-an àti àwọn tí kò sanra. Èyí tó lé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sanra fi ìdá 57 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Òmíràn lọ́dún 2013, tó wo èèyàn tó lé ní 40,000, fi hàn pé sísanra ló ń fa fítámì náà wálẹ̀. Kò rí i pé àìtó rẹ̀ ló ń múni sanra. Nítorí náà, ẹ má gbé e mì torí kí ẹ lè fọn o.

Ká sọ òótọ́, àwa náà ò rí oòrùn ọ̀hún. Láàárọ̀ kùtù a ti wọnú mọ́tò, a pa gíláàsì dé, bẹ́ẹ̀ gíláàsì kì í jẹ́ kí ìtànṣán tó ń ṣe fítámì yìí wọlé. Abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù la máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Awọ dúdú tiwa sì ń fẹ́ oòrùn pẹ́ ju ti òyìnbó lọ.

A lo oògùn tí dókítà kọ. Ẹni tó sanra lè nílò ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà ẹ má yá ara yín ní oògùn. Tó bá pọ̀ jù, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. A ń jẹ ẹja Titus àti ẹyin, a dín ẹ̀bà alẹ́ kù, a sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ́sàn-án. Ìyàwó ti fọn kílò 6, ọkọ 9. Ìrora ò tíì tán pátápátá, ṣùgbọ́n kò ṣubú mọ́, ó sì ń dá dìde fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, tí wọ́n bá tún ní ara yín ń dán, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Owó tí a wá wá sájò, ara líle la ó fi ná an nílé. Ire o.