Lọ́dọ̀ Àwọn tí Ń Ṣírò Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìkúùkùu

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ ní Helsinki, olú ìlú Fínláǹdì, fi máa sọ̀ mí kalẹ̀ ní Tampere, tí mọ́tò sì tún gbé mi la igbó páìnì já dé Hyytiälä, yìnyín ti ń yọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, oòrùn oṣù kẹrin sì ti mú ojú sánmà mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gbójú sókè yóò búra pé kò sí ohunkóhun nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún tuntun máa ń wáyé nínú afẹ́fẹ́ tí kò ju kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan lọ, àwọn ni mo sì torí wọn rìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa wọ́n pọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́ tí ń bo ilé wa ní ìparí ọdún: aṣálẹ̀ ni ẹ̀fúùfù ti ń gbé eruku yẹn, ó ti wà kí ó tó fò. Èyí tí mo ń wí, inú afẹ́fẹ́ ni a bí i sí.

Ọdún 1962 ni wọ́n fúnrúgbìn igbó náà, láti ọdún 1996 sì ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Helsinki ti ń ka èérún afẹ́fẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú òpó irin tó ga ní mítà 127. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá dárúkọ ìmọ̀ yìí láìdárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Markku Kulmala, tó jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀, a kò tíì sọ̀rọ̀.

Mo padà sí òkè Kumpula ní Helsinki, lọ́dọ̀ ọmọwé obìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ kẹ́místírì. Ó là mí lóye pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ṣe okùnfà bí gáàsì súfúrù, irú èyí tí ń tinú èédú sísun jáde, ṣe ń di ásíìdì súfúríìkì. Pé bí mólékù ásíìdì méjì bá pàdé, wọn a dì mọ́ra, ṣùgbọ́n ooru kì í pẹ́ tú wọn ká, àfi bí amóníà, tàbí dimethylamine tó lágbára jù ú lọ, bá bọ́ sí àárín wọn. Ásíìdì a fi prótọ́ọ̀nù kan lé e lọ́wọ́, iná mànàmáná tó wà lára wọn a sì máa fà wọ́n mọ́ra, nítorí ààrò mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ dànù. Èyí tí kò bá túká a máa dàgbà, títí omi yóò fi lè dì lé e lórí. Wọ́n ṣírò pé bí ìdajì àwọn èérún tí ìkúùkùu ń dì lé lórí lágbàáyé ló jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni a bí wọn sí.

Ta ni yóò fojú rí bí mólékù mẹ́ta ṣe dì mọ́ra? Ìṣirò kúáńtọ̀mù ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà a to àwọn mólékù náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà, a ṣa èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ bí wọn yóò ti yára túká tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: bí àṣìṣe kilokálórì kan péré fún móòlù kan bá wọ agbára náà, ìyára ìtúká a fi bí ìlọ́po 5 yàtọ̀ sí òtítọ́. Èmi kò tíì rí iṣẹ́ tí ó ń béèrè ìfarabalẹ̀ tó báyìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi.

Inú mi dùn pé ìṣirò wọn kò dá dúró láìní ẹlẹ́rìí. Ní ilé ìwádìí CERN, nítòsí Geneva, nínú àgbá irin tó gba kúbíìkì mítà 26, wọ́n rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2013, pé dimethylamine tí kò ju mólékù mélòó kan nínú tírílíọ̀nù lọ mú kí èérún máa wáyé ní ìlọ́po tó ju 1,000 ti amóníà lọ, ìṣirò kúáńtọ̀mù sì bá a mu.

Èyí tó kù tó le jù ni òórùn dídùn igi páìnì fúnra rẹ̀: mólékù rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ti fi ọ́síjìn kún un, a máa tẹ̀, a máa ká ní oríṣiríṣi ọ̀nà, àtòpọ̀ rẹ̀ kò sì lóǹkà. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n kó sínú ilé iṣẹ́ bébà àtijọ́ kan ní Kajaani, lápá àríwá. Mo bẹ ọmọwé náà kí n lọ fojú ara mi rí i. Ó kọ ìwé ìwọlé fún mi, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.