Bísímílà Tó Fọ́ Sí Wẹ́wẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ iṣẹ́ gráfíìkì, mo lè dárúkọ Pólì tí mo lọ, n kò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti kọ́ ọ gan-an ni Ṣómólú, ní Èkó, ní ọdún 2018, nínú yàrá kan tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú lọ, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe rò pé eré ọmọdé ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ẹ̀wẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún kìn-ín-ní wa nílé-ẹ̀kọ́, pẹ́ńsù, rúlà, kọ́ńpáàsì àti ọ̀dà ni a fi ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà wà, ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ìjọba sì ti fi lélẹ̀ láti ọdún 1973 pé kí irú akẹ́kọ̀ọ́ báwọ̀nyí lọ ṣiṣẹ́ níta fún ìgbà díẹ̀ kí ojú wọn lè là. I.T. ni a ń pè é, oṣù mẹ́rin sì ni tiwa. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé òwò ìwé títẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun níbẹ̀: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, ìwé ọmọ iléèwé. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ń pè mí ní Àlhájà Kékeré nítorí híjáàbù mi. Kò dùn mí. Ìgbà tó yá, mo ń dáhùn.

CorelDRAW ni sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò, èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Ottawa, ní Kánádà, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọ̀gá mi ní kí n ya igun mẹ́rin, mo yà á. Ó ní kí n ya òmíràn lé e lórí, kí n sì yí ìkejì ní dígírì 45. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ tí a máa ń rí lára ògiri mọ́sálásí sì jáde. Ohun tó gbà mí ní odindi ọ̀sán pẹ̀lú kọ́ńpáàsì kò gba ìṣẹ́jú kan. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti ṣe, ó tọ́. Ìgbàgbọ́ yìí ló padà kó bá mi.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ fún mi ní ẹ̀kọ́. Mo ya páálí kan, mo fi àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò bí ewé ìgbà òjò sí i. Nígbà tó jáde lórí ìwé, ó ṣú bí ewé tí oòrùn ti pa. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán, ìmọ́lẹ̀ pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Bí a bá pò ó pọ̀, funfun ló ń dà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní ìmọ́lẹ̀, yíǹkì ló ní: búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀run, pupa bí òdòdó, yẹ́lò, àti dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pléètì tirẹ̀, bí a bá pò ó pọ̀, òkùnkùn ló ń lọ. Nítorí náà, àwọ̀ kan wà tí ojú kọ̀ǹpútà lè fi hàn ọ́ tí yíǹkì kò lè ṣe láéláé. Ó tún kọ́ mi pé kí n jẹ́ kí àwọ̀ kọjá etí ìwé ní mílímítà 3, torí ọwọ́ ẹni tó ń gé ìwé lè yẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ tí àwọ̀ kò kọjá, ìlà funfun á yọ létí ìwé bí yẹ̀rì tó gùn ju ìró lọ.

Oṣù kejì mi níbẹ̀ ni wòlímà àbúrò mi ọkùnrin súnmọ́. Ilé kéú tí èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà ti parí Àlùkùránì. Èmi kò parí tèmi. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo fi kéú sílẹ̀, mo ní iṣẹ́ iléèwé ti pọ̀ jù. Ààfáà wa kò bá mi jà nígbà náà. Nígbà tó wá gbọ́ pé mo wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni wàá ṣe ìwé ètò wa." Ọmọ mọ́kànlélógún ló fẹ́ ṣe wòlímà náà. Àwọn òbí dá owó jọ, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ẹ̀dà 300.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe é. Mo fi ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ yí èèpo ìwé náà ká. Mo wá Bísímílà lórí fóònù mi, mo dà á kọ, mo lẹ̀ ẹ́ sókè pátápátá, mo fi àwọ̀ wúrà kùn ún. Ó rẹwà. Mo sún sẹ́yìn wò ó, mo tún sún mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ o, n kò kà á. Mo wò ó ni.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló gba gbogbo ojú mi. Ẹ̀yin tó ń tẹ̀wé á mọ wàhálà yìí. Nínú ètò Unicode, tí ẹ̀dà kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1991, tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, é ní àyè tirẹ̀, ẹ náà ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ní láti mú àmì òkè kó gbé e lé orí ẹ. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà ẹlòmíràn, tàbí kí ó di àpótí kékeré kan tó ṣófo. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa kan ní kí n yọ gbogbo àmì dànù, pé àwọn ènìyàn á mọ̀ ọ́n kà. Mo kọ̀. Mo ń fi ọwọ́ gbé àmì sí àyè wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń ro mí. Mò ń ṣọ́ ilé iwájú lójú méjèèjì, ilé ẹ̀yìn ti ń jó.

Ọ̀gá mi kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó wo àwọ̀, ó wo etí ìwé, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo gbé páálí náà lọ fún Ààfáà. Ìyá mi wà níbẹ̀, àti òbí bíi mẹ́ta. Ààfáà mú ẹyọ kan, ó wò ó pẹ́, ó sì nà án sí mi.

"Kà á fún mi."

Mo ní, "Bísímílà ni, Ààfáà."

"N kò ní kí o sọ ohun tí o fẹ́ kọ. Mo ní kí o ka ohun tí o kọ."

Mo sún un mọ́ ojú. Láti ọ̀tún ni a ti ń ka Lárúbáwá. Ní ọ̀tún pátápátá, mímù tó yẹ kó parí gbólóhùn náà ló dúró síwájú. Báù tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní ìkángun òsì. Kò sí lẹ́tà kan tó di ọwọ́ èkejì mú. Orúkọ Ọlọ́hun wà láàárín, mo ti fọ́ ọ sí ẹyọ ẹyọ: háù, láámù, láámù, álífù. N kò lè kà á. Kò sí ẹni tó lè kà á. Ìyá mi wo ilẹ̀.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ti jókòó lórí ẹní ilé kéú mọ̀ pé lẹ́tà Lárúbáwá máa ń pa ìrísí dà: bó ṣe rí bí ó bá dá wà kọ́ ló ṣe ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀, láàárín, tàbí ní ìparí ọ̀rọ̀, lẹ́tà 6 péré ni kì í sì í so mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Sọ́fítíwíà tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì: kí ó so wọ́n pọ̀, kí ó sì tò wọ́n láti ọ̀tún sí òsì. Fóònù mi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dà Corel àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa kò mọ̀ ọ́n. Ó tò ó bí ẹni tó ń to A, B, D. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi Corel kọ́. Ẹni tó ti ka sùúrà tó tó ogún rí, tó wá wo Bísímílà fún ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni ń wo òdòdó ara aṣọ, ta ló fẹ́ dá lẹ́bi?

Ààfáà kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ sàn kí ó bú mi. Ó ní kí n fi páálí náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí n sì lọ kó gbogbo ìwé tí a fi dán ẹ̀rọ wò wá. "Bó ti wù kó fọ́ tó, lẹ́tà orúkọ Rẹ̀ ni. Má jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀."

Ní Ṣómólú, ìwé tó bàjẹ́ kì í ṣòfò. Kílò ni wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ wa, àwọn tó ń we ẹ̀pà àti àkàrà ló sì ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Mo sáré padà, mo rí mẹ́rìnlélógún lábẹ́ tábìlì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní òun ti ta àpò àárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo padà dé, Ààfáà ti gbé gègé àti tàdáwà síwájú. Ó gba ìwé funfun lọ́wọ́ mi, ó kọ Bísímílà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo fi ẹ̀rọ sikánà yà á wọ inú kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Bézier ni wọ́n ń pe irú ìlà títẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹnjiníà ará Faransé kan, Pierre Bézier, tó lò ó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Renault ní àwọn ọdún 1960 láti fi ya ara ọkọ̀. Kókó ni a fi ń dì í mú. Mo fi kókó bí ogójì ya báù kan ṣoṣo, ó rí gbágungbàgun bí ọ̀nà tí àgbàrá ti jẹ. Mo pa á rẹ́. Mo fi 6 péré sí i, níbi tí gègé Ààfáà ti yí ọwọ́ padà nìkan, ó sì ń ṣàn. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹnu gègé náà pẹlẹbẹ, pé bó ṣe dì í mú ló sọ ibi tí ìlà ti nípọn àti ibi tó ti tín-ín-rín. Wákàtí méjì ni mo ti rò pé ẹwà lásán ni. Kí n lè mọ ibi tí lẹ́tà kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, mo ní láti máa kà á jáde. Òru méjì ni mo fi ń kà á bẹ́ẹ̀, láti báù dé mímù.

Èèpo nìkan ni a tún tẹ̀. ₦18,000 ni. Ìyá mi san ìdajì, wọ́n sì ń yọ ìyókù nínú owó ọkọ̀ tí wọ́n ń fún mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí I.T. fi parí. Wòlímà lọ dáadáa, àbúrò mi kò ṣi ibì kankan kà.

Lẹ́yìn I.T. ni mo wá sọ́fítíwíà tó mọ lẹ́tà wa. Mo rí Inkscape, tó ti wà láti 2003, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó so Lárúbáwá pọ̀, ó gbé àmì Yorùbá sí àyè wọn bí fọ́ǹtì bá dára. Kò pé tán. Ọ̀rọ̀ yíǹkì mẹ́rin yẹn kò rọrùn nínú rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Fọ́ǹtì tí mo fẹ́ràn jù ni Amiri, ọ̀fẹ́ lòun náà, tí Khaled Hosny ará Íjíbítì ṣe. Ó wò ó lára lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé Bulaq ní Káírò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1820. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tẹ Àlùkùránì Káírò ti 1924. Mo ń sọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí nítorí pé ohun tó pọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀dà tí wọ́n jí dà kọ. Láti 2013 ni Adobe ti ń gba owó oṣooṣù dípò kí a ra sọ́fítíwíà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tí kò rí owó ọkọ̀ kò sì lè san án. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, èmi náà lò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé ọ̀fẹ́ wà, àwáwí mi ti dín kù.

Ní ti àpò ìwé tí wọ́n tà yẹn, ó tó oṣù kan lẹ́yìn wòlímà tí mo ra ẹ̀pà yíyan lọ́wọ́ ìyá kan ní ibùdókọ̀ Onípanu. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tú ìwé rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ nù. Ìdajì ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ ni mo rí, àti mímù kan tó dá dúró, tí òróró ẹ̀pà ti mu. Mo bi ìyá náà bóyá irú rẹ̀ ṣì kù. Ó tú igbá rẹ̀ wò, ó rí mẹ́ta, ẹ̀pà wà nínú gbogbo wọn. Mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì mi, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ààfáà.