Káàdì Méjì

Owó kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa. Tòkunbọ̀ méjì ló wà lórí tábìlì, full-frame ni méjèèjì: Nikon D750 tó jáde ní 2014 àti Canon 6D Mark II ti 2017. Àwa méjì tá a jọ ń ya fọ́tò n'Íjẹ̀bú-Òde fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i.

Ẹ̀gbọ́n nínú wa ní Canon ni. Ẹ ò lè bá wọn wí. Ẹ fọwọ́ kan gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ojú ìyàwó wà, kò ní fi ìyàwó sílẹ̀ mọ́ nínú fídíò, bó ti wù kó jó tó. Nikon ò mọ ìyẹn ṣe. Mẹ́gápísẹ́lì 26 àbí 24? Ta ló fẹ́ mọ̀yàtọ̀ lórí WhatsApp! Tí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun bá ń sáré bọ̀ l'Ójúde Ọba, bákan náà ni ìyára wọn.

Ṣùgbọ́n káàdì méjì ni Nikon ń gbà, ọ̀kan ni Canon. Lọ́dún kan, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, káàdì wa kú lẹ́yìn tá a ya màmá àgbà kan láàárín rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn. A ní kò burú, a ó tún un yà lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá ò dé ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ wọn wá béèrè fọ́tò náà fún ìsìnkú, a kàn ń wolẹ̀ ni.

Nígbà tá a rántí ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Wọ́n tún owó náà kà, wọ́n ní, "Ẹ bá wa di Nikon."

Fídíò ṣì ń yọ wá lẹ́nu o. Tí ìgbéyàwó bá dé, a máa ń lọ yá Canon.