Ọmọ Ọ̀tan Tí Ó Di Adágún

Ẹ̀yin olùkàwé wa, bí a bá ní kí á rìnrìn-àjò ìgbafẹ́, Èkó tàbí Ìbàdàn ni ọkàn wa máa ń sáré sí, bí ẹni pé Ọlọ́run kò dá ohun rere kan sí ìtòsí wa. Èmi náà wà nínú àṣìṣe yìí títí di àìpẹ́.

Ọ̀tan Ayégbajú ni mo ti ń kọ́ ọmọ, ìlú tí òkè yí ká, tí ìkùukùu máa ń bo orí àpáta láàárọ̀ títí oòrùn yóò fi lé e lọ. Ní ọjọ́ kan, mo kọ "adágún" sí ojú pátákó. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí i rí?" N kò lè purọ́ fún un. N kò rí i rí.

Àwọn àgbà a máa pìtàn pé ọmọ Ọ̀tan ni Ọ̀tìn. Akọni obìnrin ni. Ó lọ gbèjà Ìnísà lọ́wọ́ ọ̀tá, ibẹ̀ ni ó sì ti di odò. Inú Ẹrinlẹ̀ ni odò náà ń ṣàn sí, Ẹrinlẹ̀ a sì gbé e lọ fún Ọ̀ṣun. Ní Èkó-Èǹdé, lẹ́bàá Ìkirun, ìjọba mọ odi dí i lọ́nà kí omi ẹ̀rọ lè wà fún àwọn ìlú agbègbè náà. Omi tí ń sáré kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ó sì di adágún.

Ní Sátidé kan, mo gba ìyọ̀ǹda òbí ọmọ mẹ́fà, a wọ ọkọ̀, ó di Èkó-Èǹdé. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi náà lọ salalu! Ewé òṣíbàtà léfòó létí rẹ̀, lékeléke dúró lẹ́sẹ̀ kan bí ẹni ń ronú gbèsè. Kò sí ariwo mọ́tò, kò sí ti ọjà. Àwọn apẹja ń ka àwọ̀n wọn, epìyà àti àrọ̀ sì ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú agbọ̀n.

Mo bẹ bàbá apẹja kan pé kí ó fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rẹ̀ gbé gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá wo àwọn ọmọ, ó wò mí. "Tíṣà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?" Mo ní rárá. "Àwọn ọmọ yìí ńkọ́?" Mo tún ní rárá. Ó ní òun kò lè gbé wa. Mo rò pé owó ni ó kéré, mo fi kún un. Bàbá dá gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ojú omi ni ẹ rí, ẹ kò rí abẹ́ rẹ̀. Igi tí omi bò mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọ lù ú, ó di dandan kí ó dojú dé."

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi dé, omi tí ń dán bíi jígí ru sókè, ìgbì sì ń gbá èbúté. Ọmọbìnrin yẹn di aṣọ mi mú. Mo ka orí wọn, ó pé mẹ́fà. Mo tún un kà. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí mo gbà kò kọ́ mi ní ohun tí bàbá náà fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ́ mi.

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, bàbá yá wa ní ìwọ̀, a jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a ń pẹja. Epìyà kan ṣoṣo ni a rí pa, ṣùgbọ́n ariwo ayọ̀ rẹ̀ tó ti erin.

Ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo ohun tí ó wà nítòsí wa. Ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ nínú omi tí kò ṣàn, nítorí ìgbín wẹ́wẹ́ inú irú omi bẹ́ẹ̀ a máa gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, èyí tí í mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo tún kọ "adágún" sí ojú pátákó. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọbìnrin yẹn ni mo ní kí ó bọ́ síwájú, kí ó kọ́ kíláàsì.